Liao Suyun àti Pàǹtí Àgbo

Bí Liao Suyun bá wọ ọkọ̀ èrò ní ìlú wa, àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ a yí ojú sí fèrèsé. Kì í ṣe pé obìnrin náà dọ̀tí. Ojoojúmọ́ ló ń wẹ̀, ó sì ń fi kànìnkànìn họ ara rẹ̀ títí awọ rẹ̀ á fi pọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń se àgbo nílé ìwòsàn, níbi tí ogójì ìkòkò ti ń hó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òórùn egbò àti èèpo igi ti wọ inú irun rẹ̀, ó ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, kànìnkànìn kan ò sì lè lé e jáde mọ́.

Nie lorúkọ tèmi. Èmi àti Suyun jọ ń gbé ilé tí wọ́n kọ́ fún àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò létí odò Gan. Àwọn wà ní àjà kẹta, èmi wà ní àjà kẹrin. Èmi ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀, Tan Zhongli, ló ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ náà ṣe. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Xue, iṣẹ́ ti gbé òun lọ sí Guangdong, ọdún tuntun nìkan ló ń wálé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé òórùn àgbo máa ń rí Suyun fúnra rẹ̀ lára. Ó sọ fún mi pé bí òun bá jí láàárọ̀, tí òun rántí ìkòkò, itọ́ á kọ́kọ́ dà sí òun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n imú tó ń jẹ ìyà yẹn mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá fi egbò sí i lábẹ́ imú, yóò sọ fún yín bóyá oòrùn ló gbẹ ẹ́ tàbí èéfín imí-ọjọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ di funfun, yóò sì sọ bóyá ó ti bu rí. Àwọn tó ń kó egbò wá tà nílé ìwòsàn bẹ̀rù imú rẹ̀ ju ojú ọ̀gá wọn lọ.

Odidi oṣù mẹ́jọ ni Zhongli fi rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tí kò sọ. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ata tí òun ń jẹ ló fà á. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ọjọ́ tó dákú sábẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń tún ṣe ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà sì rí i pé jẹjẹrẹ ti mú un ní ìfun ńlá. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì so ìfun pọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ti ta gbòǹgbò sínú àwọn kókó tó wà nítòsí, nítorí náà wọ́n ní yóò gba kẹ́mò, oògùn líle tí wọ́n ń fà sí ara láti pa jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀mẹjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra wọn.

Ẹni tí kò bá rí kẹ́mò rí kò lè mọ ohun tó ń ṣe èèyàn. Òtútù di ọ̀tá Zhongli. Bó bá fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, á dà bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá mu omi tí kò gbóná, ọ̀fun rẹ̀ á há. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún gbá sípánà mú kò lè fọwọ́ kan sípánà mọ́. Èébì ló wá pabanbarì. Ó bì sínú báàsì, ó bì sínú bàtà, ó bì sínú ìkòkò ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òórùn oúnjẹ tí wọ́n ń dín nílé mìíràn á gba ojú fèrèsé wọlé, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Èmi pàápàá, lókè, dẹ́kun ẹja díndín.

Ní ilé ìwòsàn kan náà, nísàlẹ̀, ni Dókítà Xiong ti ń rí aláìsàn. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, àgbo ni iṣẹ́ rẹ̀, Suyun sì ti ń se ohun tó bá kọ sínú ìwé láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Ó mú ọwọ́ Zhongli, ó fetí sí bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù, ó ní kó yọ ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí Suyun wá tún sọ fún mi bó ṣe rí gan-an.

Ó ní, “Àgbo mi kì í pa jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tòun ń pa á, ẹ sá fún un. Kẹ́mò ló ń jà. Tèmi ni pé kí ẹni tó wà lójú ìjà rí oúnjẹ jẹ, kó sì rí oorun sùn.”

Dókítà Yan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fún un ní kẹ́mò, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àgbo rárá. Ṣùgbọ́n ó gbà, bí Dókítà Xiong bá lè kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ìwé, bí Zhongli kò bá ní mu ún lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fa oògùn sí i lára, bí wọ́n bá sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Àwọn dókítà méjèèjì jọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì parí síbẹ̀. Suyun ń se egbò amáralókun àti èèpo ọsàn gbígbẹ pẹ̀lú atalẹ̀ fún un láàárọ̀, ó sì ń se omíràn tó fi ń rẹ ọwọ́ fún un ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Zhongli ní èyí tí òun ń mu dà bí omi tí sójà fi fọ bàtà. Ó ń mu ún ṣá. Mi ò lè sọ bóyá àgbo náà ló ṣe é ni o, tàbí abẹ́rẹ́ èébì tí Dókítà Yan pààrọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di kẹ́mò ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ń jẹ ìrẹsì tó rọ̀ pẹ̀lú ẹyin oníyọ̀ láìbì.

Ibẹ̀ ni Tan Boyuan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án ni Boyuan fi jù ú lọ, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ó gbé ẹrù kékeré méjìlá wá, wọ́n fi bébà pupa wé e. Ó ní ọwọ́ olóògùn kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Mo lòun ti gbà á, pé májèlé òyìnbó ni kẹ́mò, pé Ọ̀gá Mo ti wo ẹni tí àwọn dókítà ti lé wálé sàn.

Suyun béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Boyuan ní, “Ìyàwó, àṣírí ìran mẹ́sàn-án ni. Ṣé ìwọ tó jẹ́ pé iná lo máa ń kó sábẹ́ ìkòkò lo fẹ́ kọ́ ọ̀gá níṣẹ́?”

“Mi ò kọ́ ẹnì kankan níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́, màá mú un lọ fún àwọn dókítà méjèèjì.”

“A ní àṣírí ni.”

“Kí àṣírí náà dúró síbi tó wà, ẹ̀gbọ́n. Kó má wọ inú ọkọ mi.”

Ó kó ẹrù náà lé e lọ́wọ́ padà. Boyuan sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo àtẹ̀gùn pé obìnrin ti gba ilé àbúrò òun. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Zhongli ti ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn oorun ọ̀sán, ó ní àwọn ń ta ayò. Inú Suyun dùn sí i, nítorí ó rò pé ó dára kó máa rí oòrùn. Zhongli fúnra rẹ̀ ní ìrora inú òun ti dín kù, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un ní kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, Dókítà Yan sì gbé ìwé náà kalẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bí èèpo ọsàn. Dókítà béèrè bóyá ó ń lo nǹkan mìíràn. Zhongli ní rárá. Suyun fi orí ọmọ rẹ̀ búra pé àgbo Dókítà Xiong nìkan ló ń mu. Wọ́n dá kẹ́mò náà dúró, wọ́n sì dá ti Dókítà Xiong dúró pẹ̀lú, torí òun ni gbogbo èèyàn ń fura sí. Mo rí Dókítà Xiong lọ́jọ́ yẹn níbi tó ti ń ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, lákàtúnkà, tó ń wá ibi tó ti ṣìṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Zhongli ti ilé ayò dé, ó jókòó, ó sì gùnfẹ̀. Suyun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà. Ó sọ fún mi pé òórùn náà lù òun lójú bí aṣọ tútù: imí-ọjọ́, ohun tó bu, àti nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tí òun mọ̀ dáadáa tí òun kò sì lè dárúkọ. Ó ní, “Bàbá Xue, kí lẹ mu?” Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ẹrù pupa kan yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Suyun pè mí sísàlẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó tú u síbẹ̀, ó sì fi igi ìjẹun méjì ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn egbò náà funfun lóde, ṣùgbọ́n bó ṣe fi èékánná ya ọ̀kan, inú rẹ̀ dà bí okùn tó ti rà, kò ní òróró, kò ní adùn. Wọ́n ti fi nǹkan pupa rẹ òmíràn, ó sì ń dà sí wa lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ aáyán wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀, ó le, ó dúdú, bí èso. Ìyẹ̀fun funfun kan wà tí kò jọ egbò kankan. Lẹ́yìn náà ló rí okùn òwú kan, búlúù, kò gùn ju ìka lọ. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, inú àpò aṣọ ni wọ́n ń kó àgbo aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí kí wọ́n tó sè é, okùn tí wọ́n sì fi ń dì í ló ń fi wọ́ọ̀dù hàn. Búlúù ni ti wọ́ọ̀dù àwọn alájẹjẹrẹ. Bí àgbo bá jinná, tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán, Suyun á gé okùn náà, á da pàǹtí tó kù sínú garawa ńlá. Àgbà kan tó ń jẹ́ Pi ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá kó o láràárọ̀, ó ní òun ń fi ṣe ilẹ̀dú sí oko ọsàn òun. Suyun ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó fún un láyè, torí pé eṣinṣin ti fẹ́ gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Òun ló fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀, Pi á gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan wá fún un. Èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀.

Suyun wá sọ fún mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo se èyí. Mo ti fún omi ẹ̀ tán, mo ti dà á nù. Àwọn tí mo sè é fún, àwọn mìíràn ti kú.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ Pi kọjá afárá, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Kò gba ọ̀nà oko ọsàn. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ kan ló yà sí, lẹ́yìn abúlé. Mo ti rí ẹ̀gbin láyé mi, mo sì ti gbá ilẹ̀ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọjọ́ àjọ̀dún, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú èyí. Wọ́n tẹ́ pàǹtí náà sórí sìmẹ́ǹtì tí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ti gbẹ mọ́. Adìyẹ ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ sí i. Ajá kan gbé ẹsẹ̀ sókè sí etí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lé e. Obìnrin méjì tó wọ bàtà òjò ń fi ṣọ́bìrì yí i bí ẹni ń yí àgbàdo lójú oòrùn, ọ̀kan nínú wọn ń húkọ́, ó sì ń tutọ́ síbi tó wà. Lábẹ́ tapólì, imí-ọjọ́ ń jó nínú agolo, ojú wa ń ta. Inú dírọ́ọ̀mù kan ni aró pupa wà, kòkòrò ti kú sí ojú rẹ̀.

Suyun di ògiri mú, ó sì bì. Ọdún mọ́kànlélógún nídìí ìkòkò, kò bì rí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bi wá bóyá ọjà la wá rà.

Pi jáde. Nígbà tó rí ẹni tó ń bì, ojú tì í fún ìṣẹ́jú kan péré. Ó ní, “Ọ̀gá Liao, ṣé kì í ṣe pàǹtí ni? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dà á nù.”

Suyun fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, “Àwọn tó ń kú lẹ tún ń tà á fún.”

“Èmi ò tà á fún ẹnì kankan. Ọ̀gá Mo ló ń rà á. Ohun tó bá fi ṣe, òun ló mọ̀.” Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló burú jù. “Ọdọọdún lẹ ń jẹ ọsàn mi. Ṣé ẹ rí oko ọsàn kankan níbí?”

A kẹ̀yìn sí i. Bí a ti ń padà bọ̀, Suyun kò jókòó nínú bọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ara òun kan ẹnikẹ́ni.

Ó dé ilé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, kò fi ajá pamọ́, kò fi ìgbẹ́ eku pamọ́. Zhongli sáré wọ ilé ìwẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, “Tí mo bá mu ún, inú kì í dùn mí fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fún mi á sì jókòó tì mí, á máa wò mí. Òun ló tọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mi ò mu?” Suyun kò nà án ní ọ̀rọ̀. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fọ ojú fún un, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé bí òun ṣe ń fọ ẹnu rẹ̀, ó ń rí òun lára, ẹnu ọkọ òun, òun sì kórìíra ara òun fún un.

Wọ́n lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà Yan. Kò bú wọn. Ó gba ẹrù pupa tó kù, ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò. Èsì fi hàn pé ìyẹ̀fun funfun náà jẹ́ oògùn ara ríro lásán, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò, tí wọ́n lọ̀ kúnná, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè gbà lójúmọ́, pàápàá ẹ̀dọ̀ tó ti ń bá kẹ́mò fà á. Bíbu tí egbò náà ti bu tún kún un. Òun ló ń mú kí inú má dùn ún. Òun náà ló fẹ́ pa á.

Dókítà Xiong fi ìka méjì mú bébà pupa náà, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Orúkọ iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún ṣe ni wọ́n fi ń bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀.” 

Ọ̀gá tó wà lórí yàrá àgbo ní kí Suyun rọra. Ó bi í pé ta ló fọwọ́ sí ìwé Pi, ó sì mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Suyun kọ lẹ́tà, ó so ẹ̀dà ìwé tó ní orúkọ òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì mú un lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oògùn. Wọ́n ti ilé ẹlẹ́dẹ̀ náà pa, wọ́n mú Pi. Ọ̀gá Mo ní wọ́n tan òun jẹ ni, pé òun rò pé egbò gidi ni, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹfun mọ́ pàǹtí kó tó kúrò lọ́gbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè tún un tà. Wọ́n gbé Suyun kúrò nídìí ìkòkò, wọ́n fi sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí ẹ̀dọ̀ Zhongli tó gbà kí wọ́n máa bá kẹ́mò lọ. Wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Dókítà Xiong tún kọ àgbo mìíràn, ewé àti egbò mẹ́rin péré, Dókítà Yan sì fọwọ́ sí i. Ìparí oṣù kẹwàá ló gba ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ. Wọ́n yà á ní fọ́tò inú, wọn kò rí nǹkan kan. Dókítà Yan ní kí wọ́n máa padà wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n má tíì lo ọ̀rọ̀ náà “ó ti sàn”. Ìka Zhongli ti kú. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì sí i lọ́wọ́, kò lè mọ̀ pé ó ti já bọ́ àyàfi bó bá gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀.

Ká ní ó parí síbẹ̀, inú mi ì bá rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ìrúwé, mo lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà, wọ́n sì na ìwé pélébé kan sí mi. Fọ́tò Tan Zhongli ni mo rí lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Boyuan ni wọ́n ti yà á nígbà ọdún tuntun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oníjẹjẹrẹ ìfun ni, pé ó kọ kẹ́mò sílẹ̀, pé oògùn ìran mẹ́sàn-án ló wò ó sàn, pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wá sí gbọ̀ngàn ilé tíì tó wà nídìí afárá lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò fún olúkúlùkù ní ẹyin ọgbọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo fi han Suyun. Ó kà á, ó kà á padà. Ó ní kí n bá òun lọ.

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ tó ọgọ́ta, wọ́n jókòó lórí àga rọ́bà, ojú wọn wà lára ẹyin tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀gá Mo wọ aṣọ sílíkì funfun, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Boyuan ló wà lórí pèpéle pẹ̀lú rẹ̀, ó ń sọ bí àbúrò òun ṣe ń kú lọ kí òun tó gba oògùn wá. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo fi orí mi búra pé ó gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Suyun rìn lọ síwájú, ìwé ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ni ìyàwó ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ó ka ọjọ́ kẹ́mò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ohun tó wà nínú bébà pupa fún wọn àti ibi tí wọ́n ti sá a. Àwọn kan fi ọwọ́ bo imú. Bàbá kan níwájú ní kó dúró ná.

Ó ní, “Ìyá, ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè.”

“Ṣé ó mu oògùn ọ̀gá àbí kò mu ún?”

“Ó mu ún. Ó fẹ́ pa á.”

“Ó mu ún, ó sì wà láàyè. Kí lẹ wá ń bínú sí?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Mo náà rẹ́rìn-ín, ó fa ohùn, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. “Ìyá yìí, ẹ̀yin fúnra yín ń rùn fún àgbo. Ilé ìwòsàn ló rán yín wá, kí ọjà wọn má bàa kùtà.”

Suyun yíjú sí Boyuan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tójú ẹ̀ pọ́n bí ọsàn.” Boyuan ń wo bàtà rẹ̀.

Obìnrin kan tó fi aṣọ wé orí, tí kò ní irun ojú, dìde ní ẹ̀yìn. Ó gbé ẹyin tí wọ́n ti fún un ṣáájú sórí àga, ó sì jáde. Òun nìkan ni. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń dúró de ẹyin wọn. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹni tí mo ti já tíkẹ́ẹ̀tì fún láti ọdún gbọọrọ, ó sì rí mi lára débi pé mi ò lè kí wọn títí dòní.

A fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ọlọ́pàá létí. Kí wọ́n tó dé, Ọ̀gá Mo ti palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó wà ní ìlú mìíràn nísàlẹ̀ odò, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Oṣù kẹrin tó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo ìlú ń lọ tún ojú oórì ṣe, Suyun àti ọkọ rẹ̀ ní kí n bá àwọn gun òkè lọ síbi tí wọ́n sin bàbá àti ìyá Zhongli sí. Boyuan ti ṣíwájú wa débẹ̀. Ó ti gé koríko, ó ti tan tùràrí, ó sì gbé àkàrà ìrẹsì tútù tí wọ́n fi ewé pò wá nínú abọ́. Kò mẹ́nu kan ilé tíì. Ó bu àkàrà, ó nà án sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Jẹun. Ara rẹ ti padà. Mo mọ̀ pé oògùn yẹn á ṣiṣẹ́.”

Zhongli dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ojú oórì, ó na ìka tó ti kú náà, ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́. Boyuan na òmíràn sí Suyun.

Suyun ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mi ò jẹ.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ kí àwa tó kúrò níbẹ̀. Mo bá a nídìí òkè, ó ń fi omi inú ike fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń fọ abẹ́ èékánná, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan lókè. Mo bi í pé ṣé inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní rárá o, kí lòun fẹ́ bínú sí, kì í ṣe ọkọ òun ló ń rí òun lára, ọwọ́ tó na àkàrà yẹn ni. Ó dé ike náà, a sì jókòó sórí òkúta títí àwọn ọkùnrin méjèèjì fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ níwájú, àbúrò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.